Kíkópa Nínú Ọdún Egúngún ní Mápó àti Agbègbè Rẹ̀

Ọdún egúngún Ìbàdàn kì í ṣe ọdún ọjọ́ kan. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ tí àgbàdo tútù sì ti kún orí àtẹ, ni Alágbàáà, olórí àwọn eléégún ìlú, máa ń kéde ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti fi tó Olúbàdàn létí. Láti ìgbà náà lọ, agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀: ti ibí á jáde lónìí, ti ọ̀hún á jáde lọ́la, títí ọdún yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ibi yòówù kí egúngún ti gbéra, àárín ìlú àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà kọjá, ìyẹn Mápó, Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ láti fi wo ọdún, Mápó ni kó fi ṣe ibùdó.

Kíkópa nínú ọdún yìí yàtọ̀ sí ti kánífà. Ní Port of Spain, olú ìlú Trinidad, ẹni tó bá fẹ́ jó nínú kánífà tó máa ń wáyé lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì kò ní ju kó sanwó fún ẹgbẹ́ kan, kó gba aṣọ tí wọ́n rán, kó sì bọ́ sójú títì. Bákan náà ló rí ní Notting Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ará Kàríbíánì ti ń ṣe tiwọn lójú pópó láti nǹkan bí 1966. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè níbẹ̀ pé ọmọ ta ni ẹni tó wà nínú aṣọ. Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í háyà ẹ̀kú, ìyẹn aṣọ egúngún, a kì í tà á, owó kò sì lè ra àyè inú rẹ̀ fún ọ̀gbẹ̀rì, ẹni tí kò mọ awo. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ̀rì ló máa ń pọ̀ jù lẹ́yìn egúngún yòówù, egúngún tí kò bá sì ní èrò lẹ́yìn, ìtìjú ni fún agboolé rẹ̀. Ìkópa ti ẹ̀yìn egúngún yìí ni orí ìwé yìí dá lé: bí a ṣe ń tẹ̀lé e, bí a ṣe ń yà fún un, bí a ṣe ń gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí èèyàn wọlé kó tìlẹ̀kùn.

Ìtàn aṣọ tó ṣí

Ìdí tí ọ̀rọ̀ aṣọ fi le tó bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn wà nínú ìtàn ìlú náà. Àwọn àgbà sọ pé Lágelú, jagunjagun tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ló tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó. Lọ́jọ́ ọdún kan, aṣọ ṣí lára egúngún láàárín ọjà, obìnrin àti ọmọdé rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ó sì pàṣẹ kí wọ́n lọ pa ìlú náà rẹ́. Lágelú àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú mìíràn dó. Nígbà tó di nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ogun, àgọ́ wọn ló sì di ìlú tí Ọjà'ba àti Mápó wà láàárín rẹ̀ lónìí. Ì báà jẹ́ pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, ì báà jẹ́ pé àwọn àgbà fi ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ni, ìlú tó gbà pé aṣọ egúngún kan tó ṣí ló pa òun run rí kò ní fojú kékeré wo àlejò tó bá na ọwọ́ fa ẹ̀kú.

Ìtàn kan náà ló bí ọdún Òkèbàdàn, tó máa ń wáyé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta. Ká sòótọ́, àlejò tó bá ní kánífà lọ́kàn yóò rí ohun tó jọ ọ́ nínú ọdún yìí ju ti egúngún lọ. Wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ tútù ni jíjẹ, ní ìrántí àwọn tó gbé orí òkè láìní iná. Abòkè, tó jẹ́ àwòrò òkè náà, a máa di irun bí obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ á wá ya sójú títì pẹ̀lú orin èébú: wọ́n á bú olówó, wọ́n á bú olóyè, wọ́n á dárúkọ ojú ara ọkùnrin àti ti obìnrin láìfi bò, ẹni tí wọ́n bá sì bú kò gbọdọ̀ bínú. Irú iṣẹ́ tí orin kàlípsò ń fi àwọn alágbára ìlú ṣe ní Trinidad nìyí. Àlejò lè bá wọn lọ, kó gbe orin, kó sì dá èébú padà fún ẹni tó bá bú u, torí pé kò sí awo kankan nínú èyí. Ẹni tí inú bá tètè ń bí nìkan ni kó jókòó sílé.

Mímọ egúngún tó ń bọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gbẹ̀rì gbọ́dọ̀ kọ́ ni láti mọ irú egúngún tó ń bọ̀ kí ojú rẹ̀ tó tó o. Ìlù ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, bàtá tàbí dùndún tó ń ki oríkì agboolé tó ni egúngún náà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìlù, kó wo ojú àwọn ìyá ọlọ́jà. Bí àwọn ìyá Ọjà'ba bá ń na ọrùn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pe ara wọn wá wòran, ó ṣeé dúró. Bí wọ́n bá ń kó igbá wọlé láìwẹ̀yìn, kí àlejò má ṣe dúró bèèrè ìdí. Ibi tó dára láti máa ṣọ́ ọ̀nà ni àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Mápó, ilé olópòó ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè, níbi tí wọ́n ti wúyè fún Olúbàdàn ní 2022, 2024 àti 2025. Láti orí òkè náà, páànù tó ti dípẹtà ló tẹ́ lọ salalu nísàlẹ̀, etí á sì ti gbọ́ ìlù kí èrò tó yọ.

Egúngún onídán ló rọ àlejò lọ́rùn jù. Inú agbo ni irú wọn ti ń ṣeré. Atókùn, ẹni tó ń darí egúngún, á fi ọ̀pá lé èrò sẹ́yìn títí agbo yóò fi fẹ̀, egúngún á pòòyì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ ìta á ṣẹ́ padà bo orí rẹ̀, èyí tó jẹ́ dúdú tẹ́lẹ̀ á di pupa. Ó lè di erè, ó lè di ọ̀nì. Ó sì lè di òyìnbó onímú gígùn tó di ìyàwó rẹ̀ mú tí wọ́n jọ ń jó ijó wọn. Ibi èyí ni ẹ̀rín ti máa ń pa èrò jù, kò sì jẹ́ tuntun sí àwọn ará Kàríbíánì, torí pé nínú eré tí wọ́n ń pè ní Dame Lorraine, àwọn aláwọ̀ dúdú Trinidad ń fi ìrìn àti ìmúra àwọn ìyàwó olóko Faransé ṣe yẹ̀yẹ́ bákan náà. Ibi tí egúngún onídán bá wà, àlejò lè jókòó, kó pàtẹ́wọ́, kó sì náwó fún onílù.

Ti egúngún àgbà yàtọ̀. Kì í jó púpọ̀. Rírìn ló ń rìn, èrò sì ń rọ́ tẹ̀lé e. Bó bá súnmọ́ tòsí, ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wo ẹ̀kú rẹ̀. Etí aṣọ tó wà lókè ni wọ́n gé ṣóńṣó-ṣóńṣó, tí wọ́n fi aṣọ pupa tàbí funfun yí létí. Lábẹ́ rẹ̀ ni òmíràn, lábẹ́ ìyẹn ni òmíràn: àrán, etù, àńkárá, àdìrẹ, aṣọ tí ìyá kan jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń wá ọmọ, aṣọ tí ọmọ olóògbé kan rán mọ́ ọn lọ́dún tó kọjá. Èyí tó gbó jù ló wà nínú lọ́hùn-ún. Àwọ̀n ló bo ojú, ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́, àyè kan kò sì sí tí awọ ara ti lè yọ. Ẹni tó bá ti rí Pitchy Patchy nínú eré Jonkonnu ti Jamaica, tí aṣọ gígé so jọ̀ọ̀lọ̀jọọlọ lára rẹ̀, yóò rò pé ó ti rí egúngún rí. Aṣọ lásán ló fi jọ ọ́. Ẹ̀kú egúngún àgbà ní oògùn àti ìtàn agboolé nínú, ìyẹn ló sì fà á tí ọ̀pá ìṣán kì í fi í kúrò lọ́wọ́ atókùn. Ní erékùṣù Itaparica ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti dá ilé egúngún tí wọ́n ń pè ní Ilê Agboulá sílẹ̀, ìṣán yìí kan náà ni wọ́n ṣì fi ń ká aṣọ egúngún kúrò lára èèyàn títí dòní.

Lára àwọn egúngún ńlá Ìbàdàn, Alápáǹsánpá ni orúkọ rẹ̀ jọ mọ́ pàṣán jù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé e máa ń fi àtòrì na ara wọn, ọmọkùnrin tó bá sì kó sáàárín wọn ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n na òun náà nìyẹn. Eré ni, ṣùgbọ́n ara á bó. Jab Jab ti Trinidad, tí wọ́n ń fi kòbókò lu ara wọn lójú títì, ń ṣe irú eré kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹgba, kó dúró sí etí ilé, kó ká ọwọ́ kò ó, kó má sì sáré, torí pé ẹni tó bá ń sá ni wọ́n máa ń lé.

Egúngún àwọn ọmọdé kò ní wàhálà. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti máa ń jáde pẹ̀lú aṣọ àlòkù tí wọ́n rán pọ̀ àti agolo tí wọ́n fi ṣe ìlù, tí wọ́n ń tọrọ owó lẹ́nu ọ̀nà. Owó wẹ́wẹ́ ló yẹ kó wà lápò fún wọn, nítorí pé wọn kì í ní ṣéńjì.

Olóòlù

Olóòlù gba àlàyé tirẹ̀. Òde Ajé ni agboolé rẹ̀ wà, ìtàn sì sọ pé ojú ogun ni Ayọ̀rìndé Ajé, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun Ìbàdàn, ti mú un bọ̀. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Èèwọ̀ yìí kò mọ àgbà, kò mọ àlejò: ọmọdébìnrin, arúgbó, ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé lánàá, gbogbo wọn ló kàn.

Obìnrin tó bá wọ̀ sí àdúgbò Mápó lásìkò ọdún gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ onílé rẹ̀ láràárọ̀ bóyá Olóòlù ń jáde lọ́jọ́ náà, àti ọ̀nà tí wọ́n retí pé yóò gbà. Bí ariwo bá ta lójijì pé ó ń bọ̀, ilé tó bá súnmọ́ jù ni kó wọ̀, ì báà mọ onílé, ì báà má mọ̀ ọ́n; kò sí onílé kan ní Ìbàdàn tó máa lé obìnrin síta lójú Olóòlù. Inú yàrá ni kó lọ, kì í ṣe ẹnu fèrèsé, kó sì dúró síbẹ̀ títí ìlù yóò fi lọ tán. Ìyá ọlọ́jà á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òwò á dúró, wákàtí kan á kọjá láìtà, ẹnikẹ́ni kì í sì bú ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Obìnrin tí kò bá fẹ́ irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ọjọ́ náà lọ sí Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀.

Bíbá èrò lọ

Mọ́tò Micra tó ń ná Ọjà'ba kì í rọ́nà kọjá lọ́jọ́ tí egúngún ńlá bá jáde. Ó dára kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, kó fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sí Mápó. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó wọ̀, torí ìgò fífọ́ àti ẹrẹ̀ òjò. Kó má wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó lè há mọ́ èèyàn lára, kó sì fi góòlù sílé. Fóònù yẹ kó wà lápò iwájú. Agbádá dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ tẹ̀lé egúngún kò ní pẹ́ kó tó ká a sí èjìká.

Èrò ẹ̀yìn egúngún ní ètò, bó tilẹ̀ jọ pé rúkèrúdò lásán ni. Atókùn ló wà níwájú, egúngún tẹ̀lé e, onílù ń bọ̀, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọkùnrin agboolé àti àwọn obìnrin ilé tó ń ki oríkì, ìkẹyìn pátápátá ni gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni ipò àlejò. Ẹni tó bá gba iwájú egúngún kọjá ti dí i lọ́nà, ọ̀pá ló sì máa dá a lóhùn. Bí egúngún bá yíjú sí èèyàn, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kó lóṣòó, kí obìnrin kúnlẹ̀. “Baba” ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ á jáde gbaragbara láti inú ọ̀nà ọ̀fun bí ó bá ń ṣàdúrà, atókùn á sì tún un sọ fún ẹni tí kò gbọ́. “Àṣẹ” ni ìdáhùn. Owó tí èèyàn bá fẹ́ fi tọrẹ, atókùn ni kó kó o fún, tàbí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ onílù níwájú orí. A kì í lẹ owó mọ́ egúngún lára. Ẹni tó bá pàdé aládùúgbò lójú ọ̀nà, “Ẹ kú ọdún o, ọdún á yabo” tó fún ìkíni.

Ní ti àwòrán yíyà, àwọn onídán kì í bínú sí i, wọ́n tiẹ̀ ń retí rẹ̀. Fún egúngún àgbà, atókùn ni kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì kọ̀, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí egúngún bá yà sínú ilé láti simi, tàbí nígbà tí wọ́n bá wà nítòsí ìgbàlẹ̀, ibi awo egúngún, kí fóònù má ṣe jáde lápò rárá. Ẹni tó bá gbójú lé ẹ̀rọ ayàwòrán ọ̀nà jíjìn, kó má rò pé wọn ò rí òun.

Ewu tó wà nínú ọdún náà kì í sábà wá láti ọ̀dọ̀ egúngún. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn egúngún méjì tó bá pàdé ní oríta ló ń fà á, pàápàá bí ọtí bá ti wọlé tí ìjà àtijọ́ sì wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà eléégún, ìjòyè àti ọlọ́pàá fi máa ń jókòó ìpàdé àlàáfíà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Trinidad náà mọ̀ ọ́n: ní 1881, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Port of Spain láàárín ọlọ́pàá àti àwọn tó ń gbé ògùṣọ̀ àti kóńdó jáde nínú Canboulay, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣòfin lòdì sí ìlù wọn lẹ́yìn náà. Ìlù méjì tó ń súnmọ́ra láti ọ̀nà méjì ni àmì tó yẹ kí àlejò mọ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ, ọ̀nà kẹta ni kó gbà. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, bí nǹkan bá yíwọ́.

Ẹni tí agboolé rẹ̀ ní egúngún

Ọmọ ilé tó ń gbé Èkó tàbí òkè òkun ní ẹ̀tọ́ tí àlejò kò ní, àmọ́ kì í ṣe èyí tó lè ṣàdédé dé kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Oṣù mélòó kan ṣáájú ọdún ló ti yẹ kó ránṣẹ́ sí baálé. Ẹni tí a bí sí ìdílé ọ̀jẹ̀, tí orúkọ ilé rẹ̀ lè jẹ́ Ọ̀jẹ́túndé tàbí Ọ̀jẹ́kúnlé, kò tíì mọ awo nítorí orúkọ lásán. Ó di ìgbà tí àwọn àgbà bá mú un wọ ìgbàlẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe fún ìwé. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, kó dúró ni.

Obìnrin ilé kì í gbé ẹ̀kú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni oríkì wà. Àwọn ọmọ-osú tó ti ilé ọkọ bọ̀ ló máa ń ki baba wọn títí ara egúngún yóò fi yá gágá, àwọn ni wọ́n sì ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí èrò ń jẹ. Obìnrin tí a bí sí ìdílé náà tí kò mọ oríkì ilé baba rẹ̀ lè fi oṣù méjì kọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Èyí wúlò ju owó tó lè fi ránṣẹ́ lọ.

Owó náà kò gbẹ́yìn o. Aṣọ tuntun tí wọ́n máa rán mọ́ ẹ̀kú wà nínú ẹ̀, obì, orógbó, ọtí àti ẹran ètùtù wà nínú ẹ̀, oúnjẹ onílù àti owó iṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹyọ ohun kan ló wà tí àlejò náà lè rà, ìyẹn ànkó: ọ̀pọ̀ agboolé máa ń mú àńkárá kan tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé egúngún yóò dá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti di ọmọ ẹ̀yìn lójú èrò, àwọn ọmọkùnrin ilé á máa dáàbò bò ó, atókùn á sì rántí rẹ̀ nígbà àdúrà. Lẹ́yìn ọdún, nígbà tí wọ́n bá ti sá ẹ̀kú tán tí wọ́n sì ti kó o pamọ́, àwọn ará ilé á jókòó ṣírò owó, wọ́n á sì máa bá ara wọn fà á lórí àwọ̀ tí wọ́n máa mú lọ́dún tó ń bọ̀. Ìpàdé yẹn ni kí ẹni tó fẹ́ kópa ti san tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé bó bá kù ọ̀sẹ̀ kan kí egúngún jáde, àńkárá náà á ti tán lọ́jà Gbági.